Ahmad Baba ti Timbuktu: Àáfà Tí A Dán Wò Nílé Àti Nígbèkùn

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọkọ̀ bá dín díẹ̀ ní Fọlá Agoro, níbi tí Ṣómólú àti Bàrígà ti pàdé, kì í pẹ́ kí ènìyàn tó bá ìbòrí tí wọ́n ta sójú títì nítorí wòlímọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe é yóò wọ aṣọ funfun, yóò wé láwàní, wọn yóò sì gbé e jókòó níwájú àwọn àáfà bí ọmọ ọba. Ìrẹsì ti jinná, ẹran ti wà nínú ọbẹ̀, àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n ti di owó mú tí wọn yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Ṣùgbọ́n kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àáfà àgbà kan yóò ṣí Kùránì, yóò nàka sí ibì kan, yóò sì dákẹ́. Gbogbo ayẹyẹ náà dúró lórí ìdákẹ́ yẹn. Bí ọmọ bá kà á já gaara, ojú òbí yóò wálẹ̀; bí ó bá ń ta kọ́kọ́, kò sí ìrẹsì tí ó lè bò ó mọ́lẹ̀.

Àṣà yìí ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé láti ara orúkọ ilẹ̀ Mali ni àwọn baba ńlá wa ti rí ọ̀rọ̀ náà ìmàle, nítorí pé àwọn oníṣòwò àti àáfà tí wọ́n ti apá ibẹ̀ wá ni wọ́n kọ́kọ́ mú wàláà àti kéwú dé ọ̀dọ̀ wa. Ìlú tí òkìkí ìmọ̀ rẹ̀ sì kàn jù lọ ní ilẹ̀ náà ni Timbuktu, nítòsí odò Ọya ní ibi tí aṣálẹ̀ Sàhárà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí ìlú náà tọ́ dàgbà, kò sí ẹni tí a dán wò tó Ahmad Baba, kò sì sí ẹni tí a bu ọlá fún tó o. Ó tún ní ohun kan tí ó so òun àti ọmọ Yorùbá pọ̀, tí kò dùn mọ́ni, tí kò sì ṣeé fò dá.

Ọjọ́ 26, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1556 ni a bí i, sínú ìdílé Aqit. Àwọn Aqit jẹ́ ẹ̀yà Sanhaja, àwọn ará aṣálẹ̀ tí wọ́n ti fìdí kalẹ̀ ní Timbuktu, ìmọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe oyè ìdílé. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún títí tí ogun fi dé, àwọn ni wọ́n ń jẹ kádì ìlú náà, èyíinì ni adájọ́ ẹ̀sìn, bàbá lé e fún ọmọ, ẹ̀gbọ́n lé e fún àbúrò. Songhay ni ìjọba tí ó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà náà, Askia sì ni oyè ọba rẹ̀. Askia a máa bọ̀wọ̀ fún kádì Timbuktu gan-an. Ọmọ tí a bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé ìwé dára. Òórùn ìwé ni yóò máa gbọ́ láti inú àga ìyá rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ọ̀dọ̀ àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ẹni tí ó sọ ọ́ di ènìyàn, síbẹ̀, kì í ṣe ará ilé wọn. Orúkọ rẹ̀ ni Muhammad Baghayogho, ọmọ ìlú Djenne, ẹ̀yà Wangara. Àwọn Wangara yìí ni àwọn oníṣòwò wúrà àti àáfà ilẹ̀ Mali tí wọ́n tàn ká gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ohun tí Ahmad Baba kọ sílẹ̀ nípa olùkọ́ rẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó dára jù lọ tí ọmọ-ẹ̀kọ́ tíì kọ nípa olùkọ́. Láti ẹ̀yìn ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ni ọkùnrin náà ń kọ́ni, ìrun kíkí àti ìsinmi díẹ̀ nìkan ló ń bọ́ sáàárín. Kò sí ọmọ tí orí rẹ̀ wúwo tí kì í mú sùúrù fún. Yóò tún ọ̀rọ̀ kan náà ṣe títí tí yóò fi sú àwọn tí ó jókòó tì í, kò sì ní í sú òun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ahmad Baba a máa fi ṣe àwàdà pé omi Sàmúsámù ti Mẹ́kà ni baba náà mu kí àárẹ̀ ẹ̀kọ́ má baà mú un. Ní ti ìwé, tí ó wọ́n ju wúrà lọ ní ìlú tí a kò ti ń tẹ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ là débi pé bí ọmọ-ẹ̀kọ́ kan tí kò mọ̀ rí bá fi bébà pélébé ránṣẹ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà pé òun ń wá ìwé báyìí-báyìí, yóò dìde, yóò wá a rí, yóò sì gbé e fún un láìbéèrè ta ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, tí wọ́n sì ń dán ni wò ní Timbuktu, nítorí ó yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ọmọ yunifásítì òde òní mọ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ Sankore bí ẹni pé ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni, tí ó ní ọ̀gá àgbà àti akọ̀wé. Mọ́ṣáláṣí ni Sankore, àdúgbò rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń gbé. Inú mọ́ṣáláṣí àti inú ilé àwọn olùkọ́ ni ẹ̀kọ́ ti ń lọ. Kò sí ọjọ́ ìdánwò. Ìwé kan ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé wá síwájú olùkọ́ kan, yóò máa kà á sókè, olùkọ́ yóò máa dá a dúró, yóò máa bi í léèrè, yóò máa tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, títí wọn yóò fi kà á tán. Bí ó bá kà á tán, wọn lè tún un kà. Ìwé òfin Khalil, tí àwọn tí ń tẹ̀lé ìlànà Imam Malik gbára lé ní gbogbo Áfíríkà, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Ahmad Baba bá a parí lọ́dọ̀ Baghayogho. Ju ọdún mẹ́wàá lọ ni ó fi wà níwájú rẹ̀, ó ka ìwé òfin, ìwé hádíìsì, ìwé gírámà èdè Lárúbáwá, àti ìwé ìpìlẹ̀ ìrònú òfin.

Nígbà tí olùkọ́ bá rí i pé ìwé náà ti wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára, yóò fún un ní ìjásà. Ìwé àṣẹ ni, ọwọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò fi kọ ọ́, pé lágbájá ti ka ìwé yìí lọ́dọ̀ mi, mo sì yọ̀ǹda fún un láti fi kọ́ ẹlòmíràn. Olùkọ́ náà yóò dárúkọ ẹni tí òun náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí ẹni yẹn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ ìwé náà. Ó dàbí ìgbà tí a bá ń ka oríkì ìdílé. Nítorí náà kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń jẹ́rìí sí ènìyàn, bí kò ṣe ènìyàn tí a mọ̀, tí orúkọ tirẹ̀ yóò bàjẹ́ bí ó bá jẹ́rìí èké.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn ènìyàn ayé ti gbà ṣe èyí. Ní ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́, níbi tí èdè Sáńsíkírítì ti jẹ́ èdè ìmọ̀, níwájú ọba ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti máa ń jà á ní àjàbọ́. Ìtàn kan nínú àwọn ìwé Upanishad sọ pé Ọba Janaka kó 1,000 màlúù jọ, ó so wúrà mọ́ wọn níwo, ó ní kí ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ kó wọn lọ sílé. Yajnavalkya kò dúró gbọ́ ìbéèrè kankan tí ó fi ní kí ọmọ-ẹ̀yìn òun máa da màlúù náà lọ. Ìgbà náà ni àwọn yòókù wá dojú ìbéèrè kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Mithila, ní orílẹ̀-èdè kan náà, a gbọ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún ìdì ewé ọ̀pẹ tí wọ́n kọ ìwé sí. Ewé tí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ náà bá dé ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò túmọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn awo tiwa náà kò jẹ́ kí ọmọ-awo fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní babaláwo. Àwọn àgbà awo yóò jókòó yí i ká, wọn yóò máa dárúkọ odù, òun yóò máa dáhùn, ẹni tí kò bá sì gbọ́ Ifá kì í ríbi sá sí láàárín wọn.

Ti Timbuktu jẹ́ pẹ̀lẹ́ lójú, ṣùgbọ́n ìdánwò ojoojúmọ́ ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ohun kékeré. Ọlá tí Ahmad Baba sì gbà níbẹ̀ ju màlúù oníwúrà lọ. Baghayogho fún un ní ìjásà lórí gbogbo ohun tí òun alára ní àṣẹ láti kọ́ni. Nígbà tí ọmọ-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé tirẹ̀, ó gbé e wá fún olùkọ́, olùkọ́ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sí i. Kò tán síbẹ̀. Àgbàlagbà náà da díẹ̀ nínú ìwádìí ọmọ yìí kọ fún ara rẹ̀, ó sì ń tọ́ka sí i nígbà tí ó bá ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, Ahmad Baba jókòó níbẹ̀, ó ń fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Mélòó nínú àwọn olùkọ́ ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí?

Ayé wọn dàrú ní ọdún 1591. Sultan Ahmad al-Mansur ti ilẹ̀ Mòrókò, tí ojú rẹ̀ wà lára wúrà àti iyọ̀ ilẹ̀ Songhay, rán ọmọ ogun gba aṣálẹ̀ kọjá, tàwọn tìbọn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà, ní Tondibi, wọ́n tú ọmọ ogun Askia Ishaq Kejì ká, nítorí ọ̀kọ̀ àti ọfà kò lè dúró níwájú ìbọn. Timbuktu bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú náà kò tẹrí ba tinútinú, ọkàn àwọn pásà tí Sultan fi jẹ olórí kò sì balẹ̀ sí wọn.

Ní oṣù Ọ̀wàrà 1593, Pásà Mahmud kéde pé kí gbogbo ìlú wá búra fún Sultan nínú mọ́ṣáláṣí Sankore. Ní ọjọ́ tí ó kan àwọn ọ̀mọ̀wé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n sì kó wọn. Bí wọ́n ti ń kó wọn lọ sí ilé ọmọ ogun, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ lọ́nà, wọ́n sì pa díẹ̀ nínú wọn sójú pópó. Wọ́n wọ ilé àwọn Aqit, wọ́n kó ohun gbogbo. Òpìtàn ìlú náà, al-Sa'di, kọ ọ́ pé àwọn aláṣẹ gbé ìwé kan tọ Baghayogho lọ kí ó fọwọ́ sí i pé ọ̀tẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń dì, arúgbó náà sì dáhùn pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí wọ́n gé apá òun ju kí òun jẹ́rìí èké lọ. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ó fi kú. Ẹni tí ó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ láti máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn mọ ìwé tí kò yẹ kí ọwọ́ òun kàn.

Ahmad Baba, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 37 nígbà náà, wà lára àwọn tí wọ́n dè. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1594 ni wọ́n kó wọn jáde ní Timbuktu, tọkọ taya tọmọ, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n sì gba aṣálẹ̀ lọ sí Marrakesh, ìrìn oṣù méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó já bọ́ láti orí ràkúnmí lọ́nà, ó sì kán lẹ́sẹ̀. Ìwé rẹ̀ tí wọ́n kó lọ jẹ́ 1,600, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé nínú gbogbo ìbátan òun, òun ni ìwé òun kéré. Kí ẹni tí ó bá ń pe ilẹ̀ Áfíríkà ní ilẹ̀ tí kò mọ ìwé kí ọ̀yìnbó tó dé ro gbólóhùn yẹn wò dáadáa. Ọdún méjì ni wọ́n lò nínú àhámọ́. Àwọn kan kú síbẹ̀, Kádì Umar tí ó jẹ́ olórí ìdílé wọn wà lára wọn.

Ní oṣù Èbìbí 1596, Sultan tú wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní wọn kò gbọdọ̀ kúrò ní Marrakesh. Ìgbà yìí ni ìdánwò tí ó le jù kan Ahmad Baba, tí al-Ifrani, òpìtàn ilẹ̀ Mòrókò, ròyìn rẹ̀. Nígbà tí ó wọ ààfin láti kí ọba, ó bá a pé ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni Sultan jókòó sí, tí ó ń ti ibẹ̀ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ahmad Baba kọ̀, kò dáhùn. Ó ní Kùránì ti sọ ọ́ pé Ọlọ́run ni í bá ẹ̀dá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gàgá. Bí Sultan bá fẹ́ fi ara rẹ̀ wé Ọlọ́run, kí ó máa bá a lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun ni ó ní ọ̀rọ̀ sọ fún òun, kí ó bọ́ síta. Wọ́n fa aṣọ náà sẹ́yìn.

Ó wá bi ọba léèrè ìdí tí ó fi kó ilé òun, tí ó fi sọ ìwé òun nù, tí ó fi fi ẹ̀wọ̀n wọ́ òun la aṣálẹ̀ já tí òun fi kán lẹ́sẹ̀. Sultan dáhùn pé òun fẹ́ kí gbogbo Mùsùlùmí wà lábẹ́ ìjọba kan ni. Àáfà náà ní tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò kọ́kọ́ lọ bá àwọn Túúkì tí wọ́n wà ní Tlemcen, tí wọ́n sún mọ́ ọn ju Timbuktu lọ. Ọba fa hádíìsì yọ, pé Ànábì ní kí á fi àwọn Túúkì sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá fi wá sílẹ̀. Ahmad Baba fèsì pé ìgbà kan ni èyíinì. Lẹ́yìn náà ni Ibn Abbas, tí í ṣe ìbátan Ànábì, sọ pé kí a má fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ fi wá sílẹ̀. Ọba dákẹ́. Ẹlẹ́wọ̀n àná tí ó ń tiro, tí kò ní ìwé kan lọ́wọ́, ni ó pa ọba tí ó ní ìbọn lẹ́nu mọ́. Bí Yajnavalkya bá wà níbẹ̀, kì bá mú màlúù kankan kúrò ní ilé.

Ọlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ronú kàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé Marrakesh rọ̀ ọ́ kí ó máa kọ́ni ní Mọ́ṣáláṣí àwọn Ṣẹ̀rífù. Ó lọ́ tìkọ̀, ó wá gbà. Àwọn ènìyàn rọ́ wá. Àwọn mùfútì àti kádì, àwọn tí orúkọ wọn ti tóbi ní Fez àti Marrakesh, wá jókòó níwájú rẹ̀ bí ọmọ kéwú. Al-Maqqari, tí ó di òǹkọ̀wé ńlá lẹ́yìn náà, gba ìjásà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí olúwarẹ̀ rò ó wò: ìlú tí ó kó o lẹ́rú ni ó wá ń tọrọ ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ Baghayogho ará Djenne sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìran olùkọ́ àwọn ará àríwá. Ìbéèrè òfin ń ti gbogbo agbègbè wá, láti Sus títí dé Algiers. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé léraléra ni òun ń bẹ Ọlọ́run kí ó gba òun lọ́wọ́ iṣẹ́ dídá àwọn ènìyàn lóhùn, nítorí ẹ̀rù àṣìṣe ń bà á. Ibẹ̀ náà ni ó ti parí ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù, Nayl al-ibtihaj, níbi tí ó ti kọ ìtàn ìgbésí ayé nǹkan bíi 800 ọ̀mọ̀wé tí wọ́n tẹ̀lé ìlànà Imam Malik. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti Timbuktu wà láàárín wọn, wọn kò kéré sí ẹnikẹ́ni. Iye ìwé tí ó kọ láyé rẹ̀ ju 40 lọ.

Al-Mansur kú ní 1603. Ọmọ rẹ̀, Zaydan, ni ó fún Ahmad Baba láàyè láti padà sílé. Nígbà tí ó ń lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé Marrakesh sìn ín jáde, ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ka àyọkà Kùránì tí wọ́n máa ń kà fún arìnrìn-àjò kí ó lè tún padà wá. Ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó ní kí Ọlọ́run má dá òun padà sí ìpàdé yìí, kí ó má sì dá òun padà sí ìlú yìí. Bí wọ́n ti gbé e gẹ̀gẹ̀ tó, kò gbàgbé pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi mú un wá. Ní 1608 ni ó tún fojú kan Timbuktu, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí ó ti kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó kan ọmọ Yorùbá ló wá kù. Ní ọdún 1615, àwọn ará Tuat, ìlú àwọn oníṣòwò inú aṣálẹ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ Algeria báyìí, kọ ìwé sí i. Wọ́n ń ra ẹrú tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ọkàn wọn kò sì balẹ̀, nítorí òfin ẹ̀sìn kò gbà kí a sọ Mùsùlùmí òmìnira di ẹrú. Wọ́n fẹ́ mọ ẹ̀yà tí í ṣe Mùsùlùmí àti èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni ìwé tí a ń pè ní Mi'raj al-su'ud.

Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ kò kéré. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ẹ̀gún tí Nóà fi ọmọ rẹ̀ Hámù gún ni ó sọ gbogbo aláwọ̀ dúdú di ẹrú. Ahmad Baba wó ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ó ní àwọ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú, àìgbàgbọ́ nìkan ni, ìbáà ṣe dúdú ìbáà ṣe funfun. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ilẹ̀ Mùsùlùmí wá, bíi Bornu, Kano, Katsina àti Songhay, kí wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì gbé ẹrù ìwádìí lé ẹni tí ó fẹ́ rà lórí. Lẹ́yìn náà ni ó ka orúkọ àwọn ẹ̀yà tí wọ́n jẹ́ kèfèrí, tí òfin kò sọ pé kí a má rà wọ́n: Mossi, Gurma, Busa, Borgu, àti àwọn mìíràn. Yorùbá wà nínú wọn.

Nínú gbogbo ìwé tí a mọ̀, èyí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí orúkọ náà Yorùbá ti fara hàn. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi orúkọ náà pe àwọn ará Ọ̀yọ́ nígbà náà. Àwọn baba wa kò tíì máa pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ó sì dun ni pé ibi tí orúkọ wa ti kọ́kọ́ wọ ìwé ni ibi tí wọ́n ti ń to àwọn tí a lè tà lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn kan yóò ní ìwà ìgbà ayé rẹ̀ ni, àti pé kò kọ òfin tuntun, ohun tí ó wà nínú ìwé òfin ni ó tọ́ka sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rí, tí ó ti já bọ́ lórí ràkúnmí nínú rẹ̀, tí ó sì dúró ko ọba lójú nítorí rẹ̀, ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹjọ́ tí ó bá Sultan rò ni pé wọ́n de Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ wọn. Kò rò ó pé dídè ènìyàn fúnra rẹ̀ burú. Gbogbo ìjásà tí ó gbà, kò sí ọ̀kan tí ó bi í ní ìbéèrè yẹn.

Orúkọ tí ó kọ sílẹ̀ náà kò dúró síbi tí ó fi í sí. Ní 1821, ogun tí àwọn ìmàle Ọ̀yọ́ àti Fúlàní wà nínú rẹ̀ kó ọmọdékùnrin kan ní Òṣogùn, wọ́n sì tà á. Ọmọ náà ni Àjàyí Crowther, ẹni tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè wa jáde ní 1843, tí ó sì fi orúkọ Yorùbá pè é. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọkọ ọmọ rẹ̀, Babington Macaulay, dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, CMS Grammar School, Bàrígà ni ó wà lónìí, kò jìnnà sí Fọlá Agoro.

Ahmad Baba kọ́ni ní Timbuktu títí ọlọ́jọ́ fi dé, ní ọjọ́ 22, oṣù Igbe, ọdún 1627. Ìlú náà kò padà sí ipò tí ó wà kí ogun 1591 tó dé. Àwọn ìwé tí ó ṣẹ́kù wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé, nínú àpótí, nínú ihò ògiri, láti ìran dé ìran. Ní 1973, ìjọba Mali ṣí ilé ìtọ́jú ìwé kan ní Timbuktu, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2013, àwọn ọmọ ogun agbésùnmọ̀mí tí wọ́n ti gba ìlú náà dáná sun apá kan nínú àwọn ìwé ibẹ̀ kí wọ́n tó sá lọ. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn ará ìlú ti ń kó èyí tí ó pọ̀ jù jáde díẹ̀díẹ̀, nínú àpótí páànù, nínú ọkọ̀ ojú ọ̀nà àti ọkọ̀ ojú omi, lọ sí Bamako.